Àwo Orin Kan Láti Mẹ́ìrán, Òmíràn Láti Seoul

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá, ní Ìgándò àti káàkiri Alímọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ orin ni ètò yìí gbé dání lónìí.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, ọdún 2015, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méje tí wọ́n ń jẹ́ BTS gbé àwo orin kan jáde ní Seoul, olú-ìlú Gúúsù Kòríà. The Most Beautiful Moment in Life, Pt. 2 ni àkọlé rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni ohun tó wà nínú rẹ̀, ìkarùn-ún sì ni Ma City, orin tí wọ́n fi ń ki ìlú tí wọ́n ti dàgbà. RM ki Ilsan, Suga ki Daegu. Nígbà tó kan J-Hope, ọmọ Gwangju, ó fọ̀rọ̀ pamọ́ síbi tí ọmọ ilé yóò ti tètè rí i: ó mú nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe ìlú rẹ̀ lórí tẹlifóònù, ó so ọjọ́ kan mọ́ ọn, ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún.

Ọjọ́ yẹn, lọ́dún 1980, ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Gwangju láàárín àwọn ará ìlú àti ìjọba ológun tí Chun Doo-hwan wà nídìí rẹ̀. Ọmọ ogun ya wọ ìgboro, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fún ọdún pípẹ́ ni àwọn aláṣẹ fi ń pe àwọn òkú náà ní ọlọ̀tẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ojú burúkú wo ẹni tó bá ní Gwangju ni òun ti wá. Wọn kò tíì bí J-Hope nígbà náà. Síbẹ̀, ó gbé ọjọ́ náà sínú orin ijó, ó fi nọ́ńbà tẹlifóònù sọ ọ́, kò sì ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ̀, kí ó lọ béèrè.

Kí ló wá kan Alímọ̀ṣọ́ nínú èyí? Ohun àkọ́kọ́ ni pé orin Kòríà ti wọlé tọ̀ wá, kò sì bi wá bóyá kí òun wọlé. Láti ọdún 2010 ni Kòríà ti ní ilé àṣà rẹ̀ ní Abuja, tí wọ́n ti ń kọ́ èdè, tí wọ́n sì ti ń ṣe ìdíje orin àti ijó fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní Ẹgbẹ́dá yìí náà, kò sí bí ẹ ṣe lè ti ilé ẹ̀kọ́ girama kan kọjá lẹ́yìn àkókò ìjáde tí ẹ kò ní rí ọmọbìnrin kan tó lè ka orúkọ àwọn méjèèje náà láìmí. Ohun kejì ni ìdí pàtàkì ètò yìí. Ohun tí BTS ṣe nínú àwo yẹn, ẹnì kan ti ṣe irú rẹ̀ ní Mẹ́ìrán ní ọdún mẹ́fà ṣáájú wọn, ní èdè Yorùbá, láìní ilé iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn. Àwọn ọmọ tó mọ Gwangju lágbègbè wa yìí, púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ọ́n.

Orúkọ rẹ̀ ni Ọláìtán Ọláonípẹ̀kun, Dagrin lórí àwo. Ọmọ Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni, ṣùgbọ́n Mẹ́ìrán ló ń gbé. Ẹni tó bá ti Abúlé Ẹ̀gbá kọjá lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, kí ó tó dé Alágbàdo, ti dé ibẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Agbádo/Òkè-Odò ló wà báyìí, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gé kúrò lára Alímọ̀ṣọ́ àtijọ́ lọ́dún 2003. Ọmọ Alímọ̀ṣọ́ gidi ni à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀: bàbá rẹ̀ wá láti ibòmíràn, òun dàgbà síbi tí ilé ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ tí ọ̀nà kò pọ̀ sí i. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ kankan ní Ìpínlẹ̀ Èkó tó ní èrò tó Alímọ̀ṣọ́. Àwọn tí wọ́n kà níbẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ń dárúkọ àdúgbò tó bí olórin, Mushin, Ajégúnlẹ̀, Agége àti Bàrígà ni wọ́n máa ń kà.

Àwo orin Dagrin àkọ́kọ́, Still On the Matter, jáde lọ́dún 2006. Kò dún jìnnà. Ìkejì ló mi ìgboro: C.E.O, ọdún 2009. Lẹ́tà mẹ́ta tí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní Marina máa ń kọ sára káàdì wọn ni, ṣùgbọ́n Dagrin pa ìkẹyìn dà: Chief Executive Omo-Ita ni ó pè é. Ọmọ ìta jókòó sórí àga ọ̀gá àgbà. Gbogbo ohun tí àwo náà fẹ́ sọ ti wà nínú àkọlé yẹn kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Ìparí ọdún 2008 ni olórin ràápù M.I gbé àwo Talk About It jáde, Gẹ̀ẹ́sì tó já geere ni, ó sì dára púpọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni 9ice gbé Gongo Aso jáde, tó fi òwe àti àṣàyàn ọ̀rọ̀ Yorùbá kún etí gbogbo Nàìjíríà, ṣùgbọ́n 9ice ń kọrin ni, kì í ṣe ràápù gan-an ló ń ṣe. Lord of Ajasa ti ń fi Yorùbá ṣe ràápù ṣáájú àwọn méjèèjì, òun ló la ọ̀nà náà, ọlá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ parẹ́. Síbẹ̀, èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ràápù Yorùbá dùn fún ẹsẹ kan nínú orin ẹlòmíràn. Pé kí ènìyàn fi odidi àwo ṣe é, ta ni yóò rà á? C.E.O dáhùn ìbéèrè yẹn. Yorùbá ìgboro ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú pijin àti Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀, bí àwọn ọmọ Mẹ́ìrán ṣe ń sọ ọ́ gan-an.

Àwọn ará Kòríà ti gba ibẹ̀ kọjá. Lóṣù Kẹrin ọdún 1992, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń jẹ́ Seo Taiji and Boys fi èdè Kòríà ṣe ràápù níwájú àwọn adájọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n MBC. Máàkì tó kéré jù lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n fún wọn. Kò pẹ́ rárá tí orin kan náà fi gba gbogbo orílẹ̀-èdè náà, àwo tó wà nínú rẹ̀ sì tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ ìtàn K-pop máa ń bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìṣòro tí èdè Kòríà fún olórin ràápù yàtọ̀ sí ti Yorùbá, ó sì yẹ kí a dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ní Kòríà, ìparí gbólóhùn ni ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń wà, àwọn àfikún kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń so mọ́ ìdí rẹ̀. Tí olórin bá gbẹ́kẹ̀ lé ìparí ìlà nìkan, àfikún kan náà ni yóò máa dún ṣáá, bí ẹni ń lu irin kan náà. Lọ́dún 2001 ni olórin ràápù Verbal Jint gbé iṣẹ́ kan jáde tí ó pè ní Modern Rhymes, ó fi hàn pé a lè mú ìró bára mu láàárín ìlà, kí sílébù méjì tàbí mẹ́ta jọra lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà tó là yẹn ni RM àti Suga tọ̀ nígbà tiwọn. Ẹni tó bá ń gbọ́ Ma City tí kò gbọ́ Kòríà rárá yóò ṣì gbọ́ bí àwọn ìró náà ṣe ń kan ara wọn láàárín ìlà.

Yorùbá ní tirẹ̀ ní ìró tó bára mu lọ́pọ̀ yanturu, nítorí fáwẹ́lì ló máa ń parí ọ̀rọ̀ wa. Ibi tí wàhálà wà ni ohùn. Bí olórin bá fi “ìlú” parí ìlà kan, tó fi “ìlù” parí èyí tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dọ́gba, ṣùgbọ́n etí wa mọ̀ pé àkọ́kọ́ ròkè, ìkejì wà nílẹ̀. Àwọn baba wa nínú ìjọ ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin ìsìn, ohùn orin Òyìnbó ni wọ́n kó ọ̀rọ̀ Yorùbá sí, orin wá ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀, ìtumọ̀ sì dàrú lẹ́nu akọrin. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina, kọ ìwé kan lórí rẹ̀, Yoruba Music, tó jáde lọ́dún 1953, ó ní kí orin máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ràápù kò ní ìṣòro yìí. Kò sí ohùn orin àyálò tí yóò fa ọ̀rọ̀ sókè sódò. Ìlù nìkan ló ń béèrè pé kí o dé lásìkò. Nítorí náà ni ràápù Yorùbá fi sún mọ́ ewì Láńrewájú Adépọ̀jù àti ìṣáré ọ̀rọ̀ onífújì ju bí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣe fẹ́ gbà lọ.

Ẹ fi etí sí bí Dagrin ṣe ń ṣe é. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó ha díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti pariwo mọ́ ọkọ̀ láti àárọ̀. Kì í na ọ̀rọ̀. Ó máa ń gé e kúrú, á to ìlà mẹ́ta mẹ́rin tí ìparí wọn wà lórí ohùn kan náà léra wọn, lẹ́yìn náà á jẹ́ kí ìkẹyìn já bọ́ sílẹ̀, etí olùgbọ́ á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí kí ìlù tó sọ bẹ́ẹ̀. Sossick ló ṣe ìlù púpọ̀ nínú àwo náà, òun ló wà nídìí orin Pon Pon Pon. Ìlù Sossick wúwo nísàlẹ̀, ó fẹjú lókè, àyè wà láàárín tí ọ̀rọ̀ Yorùbá lè gbà kọjá láìsí pé ohun èlò kan ń bá ohùn rẹ̀ jà. Àwọn tó gbọ́ Pon Pon Pon láti inú gbohùngbohùn àwọn tó ń ta síídì lẹ́bàá ọ̀nà lọ́dún 2009 mọ̀ pé kò sí bí ariwo Ìyànà Ìpájà ṣe pọ̀ tó tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọnù.

Àwo BTS kò wúwo báyìí. Run, tí wọ́n fi ṣíwájú, ní gìtá àti ìlù rọ́ọ̀kì tó ń sáré. Butterfly tutù, ó ń mì bí ẹni ń bẹ̀rù kí nǹkan má fò lọ. House of Cards tó parí rẹ̀ jẹ́ ti ohùn àwọn akọrin, kò sí ràápù nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹni méje lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó ń ṣe ràápù wà, ẹni tó ń kọrin wà. Dagrin nìkan ló gbé tirẹ̀. Nígbà tó fẹ́ kí ohùn rọ̀, ó pe obìnrin: Omawumi, ọmọ Itsekiri tó gba ipò kejì nínú Idols West Africa lọ́dún 2007, ló bá a ṣe Thank God. Ọpẹ́ ni orin náà, ó sì wà nínú àwo tó kún fún ìhàlẹ̀, ìfọ́nnu àti ọ̀rọ̀ abẹ́. Àwọn òbí bínú sí àwọn ọ̀rọ̀ abẹ́ yẹn nígbà náà, wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí wọn pa gbogbo àwo náà tì yóò pàdánù ohun tó dára jù nínú rẹ̀, ìyẹn bí ọ̀dọ́ kan ṣe ń sọ ebi, ìrètí, ọlọ́pàá, ìyá àti Ọlọ́run pa pọ̀ lẹ́nu kan, bí wọ́n ṣe ń dé bá a lóòjọ́.

Ibi tí àwo méjèèjì ti pàdé ju ibikíbi lọ ni òwe. Orin kan wà nínú ti BTS tí wọ́n ń pè ní Baepsae. Baepsae jẹ́ ẹyẹ kékeré kan ní Kòríà. Òwe wọn sọ pé bí ẹyẹ yìí bá fẹ́ rìn bí àkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ya. Ìmọ̀ràn àgbà ni, pé kí tálákà mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà yí i padà: wọ́n ní àwọn ni ẹyẹ kékeré náà, àwọn tó bí àwọn ló sì ti jogún ẹsẹ̀ gígùn, tí wọ́n wá ń bú àwọn pé àwọn kò tètè rìn. Lọ́dún 2015, àìríṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ni gbogbo Kòríà ń sọ, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ wọ́n lára. Ohun tí Dagrin ń fi òwe ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́. Kì í pa òwe láti fi hàn pé òun gbọ́n. Ó máa ń gba òwe lọ́wọ́ àgbà, á tẹ̀ ẹ́ síbi tí àgbà kò rò, á sì dá a padà fún un. Onífújì kọ́ wa ní eléyìí tipẹ́. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé ọmọ tí wọ́n rò pé kò gbọ́ òwe mọ́ ló ń ṣe é.

Ẹ̀rù ìdánìkanwà wà nínú méjèèjì pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú orin BTS náà, Whalien 52, dá lórí ẹja àbùùbùtán kan tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú òkun Pàsífíìkì lọ́dún 1989. Ohùn rẹ̀ ga tó 52 hertz, ó ga ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì, kò sì sí ìkejì irú ohùn náà tí wọ́n rí nígbà náà. Dagrin kò ní òkun ní Mẹ́ìrán. Àmọ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò gbà á gbọ́ nígbà tí kò tíì sí lórí rédíò, ẹ ó sì mọ̀ pé ohùn rẹ̀ náà ti pẹ́ nínú omi kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù wà lẹ́yìn orin. Big Hit, ilé iṣẹ́ Bang Si-hyuk tó kó BTS jọ, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá nígbà náà, síbẹ̀ ó ní sítúdíò, ó ní àwọn tó ń kọ́ wọn ní ijó àti orin fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó jáde lóṣù Kẹfà ọdún 2013, ó sì ní ilé tí wọ́n jọ ń gbé. Ní Èkó lọ́dún 2009, olórin ìgboro yóò wá owó sítúdíò fúnra rẹ̀, yóò gbé àwo rẹ̀ lọ bá àwọn oníṣòwò ní ọjà Alábà, yóò sì máa retí pé kí ayédèrú má ṣíwájú ojúlówó dé ìgboro. Àwọn tó ń fojú kéré orin ìgboro kò rántí èyí. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, C.E.O gba àmì-ẹ̀yẹ àwo orin ràápù tó dára jù lọ níbi ayẹyẹ Hip Hop World Awards ọdún 2010.

Dagrin kò sí láyé láti gbà á. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2010, ọkọ̀ rẹ̀ sọ lu tírélà kan tó dúró sójú ọ̀nà ní Alákàrà, Mushin. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, ibẹ̀ ló sì dákẹ́ sí ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú Àtàn. Nígbà tí orin kan tó ti gbà sílẹ̀, If I Die, gba ìgboro kan, gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ́ sí i. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó dàgbà sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ń sin ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré. Ikú jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń rí, wọ́n sì ń kọ ọ́ sórin bí wọ́n ṣe ń kọ owó. Tírélà tí wọ́n pa sójú ọ̀nà lóru láìtan iná, ìyẹn ni ohun tó yẹ kí a bínú sí, ó sì ṣì ń pa ènìyàn lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta títí di òní.

Fíìmù Ghetto Dreamz tí Daniel Ademinokan darí gbé ìtàn Dagrin jáde lọ́dún 2011. Lọ́dún yẹn náà ni Ọlámidé láti Bàrígà gbé àwo Rapsodi jáde, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹni tí yóò jókòó sípò Dagrin ti dé. Abẹ́ Ọlámidé, ní ilé iṣẹ́ orin rẹ̀, YBNL, ni Asake ti gbé Mr. Money With the Vibe jáde lọ́dún 2022: Yorùbá tó kún fún fújì ni, ó sì dé ipò 66 lórí àtẹ àwo orin Billboard 200 ní Amẹ́ríkà. Lórí àtẹ kan náà, ipò 171 ni àwo BTS tí à ń sọ yìí dé lọ́dún 2015. Lọ́dún 2018 ni wọ́n wá dé òkè pátápátá, pẹ̀lú Love Yourself: Tear. Lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n tún gbé Idol jáde, wọ́n fi ìlù gqom láti Durban ní Gúúsù Áfíríkà kún igbe ìwúrí orin ìbílẹ̀ Kòríà. Ilẹ̀ Áfíríkà ti wà nínú orin tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ láti Kòríà, ó kàn jẹ́ pé wọn kò mọ̀.

Ní Mẹ́ìrán, àwọn tó mọ Dagrin lójúkojú ṣì wà. Àwọn tó bá a jẹun, tó bá a wọ ọkọ̀, tó gbọ́ àwọn ẹsẹ orin kan lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó dé sítúdíò, ọ̀pọ̀ wọn kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Àwọn olùkọ́ Yorùbá ní girama Alímọ̀ṣọ́ lè pè wọ́n wá sí kíláàsì. Wọ́n lè fi ẹsẹ kan tó mọ́ nínú C.E.O kọ́ ọmọ ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì gbé Baepsae sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìlò òwe. Ọmọbìnrin tó mọ orúkọ àwọn méjèèje láìmí ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ sókè.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, láti inú C.E.O, ọdún 2009, Sossick ló ṣe ìlù rẹ̀: Pon Pon Pon nìyí.